Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Fi Ẹranko Afàyàfà Ṣiṣẹ́

Láti ìgbà tí òjò ti dé títí di ọyẹ́ yìí ni lẹ́tà nípa ejò, alángbá àti ìjàpá ti ń wọlé sọ́dọ̀ wa láti Àbújá, Jos, Minna àti Zaria. Tẹ́lẹ̀, bí wọn yóò ṣe pa wọ́n ni àwọn èèyàn máa ń béèrè. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ̀wé, bí wọn yóò ṣe sọ ọ́ di iṣẹ́ ni wọ́n sì ń béèrè. Inú wa dùn sí i. Mẹ́fà la mú nínú àwọn lẹ́tà náà.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 16 ni mí, SS2 ni mo wà. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ejò àti alángbá. Dádì mi ní iṣẹ́ onídán nìyẹn, pé àwọn tó ń fi ejò ṣeré lọ́jà ló ń ṣe é. Ṣé iṣẹ́ gidi wà níbẹ̀? Kí ni kí n kà, kí sì ni mo lè bẹ̀rẹ̀ báyìí? (Ọmọbìnrin kan, Kubwa)

Ọmọ wa, iṣẹ́ gidi ni. Dádì kò sì jẹ̀bi, torí onídán nìkan ni ojú ń rí nígboro. Ibi tí èrò kì í sí ni àwọn yòókù ti ń ṣiṣẹ́ tiwọn. Àwọn dókítà ẹranko kan ń tọ́jú ìjàpá àti ọ̀nì. Àwọn tó ka Zoology, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, ń wọ igbó lọ ka iye ejò àti alángbá tó wà níbẹ̀. Àwọn olùtọ́jú wà ní ọgbà ẹranko bíi ti Asokoro, ti Jos, ti Kano àti ti Yunifásítì Ìlọrin, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì wà ní igbó ìjọba bíi Kainji Lake. Àwọn tó ń ṣèwádìí lórí ejò àti oró rẹ̀ wà ní Yunifásítì Bayero ní Kano àti ní ABU Zaria. Bí ọkàn Dádì kò bá tíì balẹ̀, sọ fún wọn nípa ilé ìwòsàn Kaltungo ní ìpínlẹ̀ Gombe. Àwọn tí ejò ṣán ni iṣẹ́ wọn níbẹ̀, àgbẹ̀ ló sì pọ̀ jù lára wọn. Ní 2017, àjọ ìlera àgbáyé WHO ka ejò ṣíṣán mọ́ àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti pa tì. Ẹni tó mọ ejò kan yàtọ̀ sí èkejì kì í ṣe onídán lójú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìwé, má fi Chemistry ṣeré rárá. Òun ló ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ padà lẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá fẹ́ ṣe dókítà ẹranko, Use of English, Biology, Chemistry àti Physics lo máa ṣe ní JAMB, wàá sì nílò kírẹ́díìtì nínú English, Mathematics, Biology, Chemistry àti Physics ní WAEC tàbí NECO. Ọdún 6 ni wọ́n ń kà á. ABU Zaria, Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada, Ìlọrin, Maiduguri àti Usmanu Danfodiyo ní Sokoto wà lára àwọn tó ní in lápá ọ̀dọ̀ wa. Zoology jẹ́ ọdún 4, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ràn igbó ju abẹ́rẹ́ lọ. Federal College of Wildlife Management wà ní New Bussa, ìpínlẹ̀ Niger, wọ́n ń fúnni ní ND àti HND, igbó Kainji sì wà nítòsí wọn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ fojú tín-ín-rín wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ipasẹ̀ ẹranko nínú iyẹ̀pẹ̀, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Èyí tí o lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la wà lára ògiri ilé yín: àwọn alángbá ni. Ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bírò ló máa ná ọ. Wá ògiri tí oòrùn ń pa láàárọ̀, jókòó bíi mítà 5 sí i, kí o má sì rìn. Ìṣẹ́jú 15 tó, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ní ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú: agogo méje ààbọ̀ àárọ̀, agogo méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kọ déètì, aago, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, iye akọ olórí pupa, iye àwọn tí àwọ̀ wọn jọ ti ilẹ̀, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bà sí, bóyá inú oòrùn ni tàbí ibi òjìji.

Fojú sí akọ olórí pupa yẹn dáadáa. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú láàárọ̀, àwọ̀ eruku ló máa ní, èèyàn lè pè é ní abo. Bí oòrùn bá ti pa á díẹ̀, orí rẹ̀ á pọ́n bí epo, ara rẹ̀ á dúdú bí aró. Ìgbà yẹn ló máa fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè, táá bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. A máa ń sọ pé alángbá tó já láti orí ìrókò ń yin ara rẹ̀ ni. Ohun tó ń sọ ni pé ògiri yìí ti ní onílé, akọ mìíràn ló sì ń sọ ọ́ fún. Ka iye ìgbà tó mi orí kó tó dákẹ́, kí o sì kọ ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ nígbà náà. Láàárín oṣù mẹ́ta, wàá ti mọ èyí tó jẹ́ ọ̀gá, èyí tó ń sá fún un, àti ibi tí abo ti ń gbẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ láti yé ẹyin márùn-ún sí méje.

Má rò pé nǹkan ọmọdé ni. Ní 1966, obìnrin onímọ̀ kan, Madeleine Charnier, tó ń ṣiṣẹ́ ní Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl, gbé ẹyin irú alángbá yìí sí ibi tí ooru wọn yàtọ̀ síra. Èyí tó wà ní nǹkan bíi 27°C pa abo, èyí tó wà ní 29°C sì pa akọ tó pọ̀ jù lọ. Ibẹ̀ ni ayé ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ooru ilẹ̀ lè sọ ẹyin ẹranko afàyàfà di akọ tàbí abo. Ara alángbá ògiri ló ti rí i.

Bí owó bá wà, ra tẹmómítà oníbọn tí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń lò, kí o máa fi ka ooru ibi tí alángbá bà sí. Má ra èyí tí wọ́n ń nà sí iwájú orí èèyàn nígbà Kòrónà, torí kì í ka ohun tó bá kọjá nǹkan bíi 43°C, ògiri Kubwa ní ọ̀sán oṣù kẹta sì ń kọjá bẹ́ẹ̀. Má sì mú wọn. Bí ìrù alángbá ògiri bá gé, kì í hù padà dáadáa bíi ti ọmọńlé.

Tọ́jú ìwé náà. Lọ́jọ́ tí o bá lọ béèrè àyè ìkọ́ṣẹ́ ní ọgbà ẹranko, ojú ewé 30 tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ yóò sọ ju “mo fẹ́ràn ẹranko” lọ, torí iṣẹ́ olùtọ́jú fúnra rẹ̀ kò ju kéèyàn wò, kó kọ, kó sì tètè rí ohun tó yí padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 19, ra ejò ère kan lọ́wọ́ ọdẹ, ó ní òun fẹ́ fi kọ́ iṣẹ́. Inú àpótí gíláàsì ló kó o sí, ó gbé gílóòbù 60 watt sí i nínú nítorí òtútù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tí kò jẹun, awọ ara rẹ̀ sì ń ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo ní ọmọ ọdún mẹ́ta nínú ilé. Ṣé kí n ní kó lọ jù ú sínú igbó? (Ìyá kan, Jos)

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má tíì jù ú nù. Nínú ọyẹ́, òru Jos lè já wálẹ̀ dé nǹkan bíi 10°C, ejò tó ti ń ṣàìsàn kò sì ní rù ú là. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré. Ère kékeré yìí, tí wọ́n ń pè ní ball python, kò ní oró. Àgbà rẹ̀ sábà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 90 sí 120, bí ẹ̀rù bá sì bà á, á ká jọ bíi bọ́ọ̀lù, á fi orí pamọ́ sáàárín. Ohun tó yẹ kó kọ yín lóminú ni kòkòrò Salmonella tó máa ń wà nínú ìgbẹ́ ẹranko afàyàfà, tó ń dá inú rírun àti ibà sílẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ó sì ń mú jù. Nítorí náà, kí ilẹ̀kùn yàrá náà máa wà ní títì, kí àpótí náà ní ìdérí tó ṣeé tì, kí ọmọ kékeré má fọwọ́ kàn án. Wọn kò gbọ́dọ̀ fọ abọ́ omi ejò níbi tí ẹ ti ń fọ àwo oúnjẹ. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ní gbogbo ìgbà tí ọmọ yín bá ti fọwọ́ kàn án.

Èkejì ni òfin. Ère wà nínú Àfikún Kejì CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó tí Nàìjíríà ti wọ̀ láti 1974, òfin tiwa lórí ẹ̀ sì wà láti 1985. Kí ọmọ yín lọ sí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, tàbí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká ní ìpínlẹ̀ yín, kó sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì ṣe ohun tí wọ́n bá wí. A kò fara mọ́ kí ọ̀dọ́ ra ẹranko lọ́wọ́ ọdẹ rárá. Owó tó bá san ló máa rán ọdẹ náà padà sínú igbó lọ mú òmíràn, èyí tí wọ́n bá sì mú nínú igbó máa ń gbé eégbọn àti aràn wálé.

Ní báyìí, ẹ yọ gílóòbù yẹn lónìí. Ère máa ń lọ lẹ̀ mọ́ ohun tó gbóná, kì í sì tètè mọ̀ pé awọ òun ti ń jó. Tí ẹ bá rí ojú ibi tó pọ́n tàbí tó funfun lábẹ́ ikùn rẹ̀, iná ló jó o, dókítà ẹranko ló kàn. Gílóòbù náà tún ń gbẹ ọ̀rinrin inú àpótí dànù. Ọyẹ́ ti gbẹ afẹ́fẹ́ Jos tẹ́lẹ̀, gílóòbù wá parí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí awọ náà fi ń ya dípò kó bọ́ lódindi bí ìbọ̀sẹ̀.

Kó wá àpótí oníke tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 90, tí ìdérí rẹ̀ le. Kó fi ìṣó gbígbóná lu ihò kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Páàdì tó ń gbóná ni kó tẹ́ sábẹ́ àpótí náà níta, kó gba ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ péré, kó sì so mọ́ thermostat, ẹ̀rọ tó ń pa iná bí ooru bá ti tó, torí páàdì tí kò ní in lè kọjá 40°C. Ibi tó gbóná kó wà ní 31 sí 32°C, ibi tó tutù kó wà ní 25 sí 26°C. Ejò fúnra rẹ̀ ló máa yan ibi tó fẹ́ láàárín méjèèjì, ìdí sì nìyẹn tí ooru kò fi gbọ́dọ̀ kárí. Ibi ìfarapamọ́ méjì ni kó ní, ọ̀kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kó sì há díẹ̀ tó fi máa kan ejò náà lára. Ìdajì ìkòkò amọ̀ tó fọ́ dára ju èyíkéyìí tí wọ́n ń tà lọ, bí wọ́n bá ti fi òkúta ra etí rẹ̀ kó má mú. Bí wọ́n bá mú iná lọ, kó rọ omi gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà sínú ìgò oníke méjì, kó fi táwẹ́ẹ̀lì wé wọn, kó kó wọn sí ìhà kan, kó sì máa pààrọ̀ wọn ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Kó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àpótí náà, kí ojú ihò ẹ̀gbẹ́ kan wà ní ṣíṣí.

Fún awọ: kó gé ihò sí ara ike oúnjẹ tó ní ìdérí, kó tẹ́ aṣọ tó rẹ sómi tó sì ti fún dáadáa sínú rẹ̀, kó gbé e sí ìhà tó gbóná. Ejò á wọ inú ẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Aṣọ tó ń ro tótó máa ń mú kí ikùn rẹ̀ rà, nítorí náà fífún ṣe pàtàkì. Kó má fi èékánná bó awọ tó kù lójú rẹ̀ láé. Ejò kò ní ìpéǹpéjú. Awọ tó mọ́ gaara ló bo ẹyinjú rẹ̀, ẹni tó bá fà á lè fa ojú náà mọ́ ọn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún láìjẹun kò tíì tó ohun ìpayà fún ère. Èyí tí ara rẹ̀ le máa ń gbààwẹ̀ fún oṣù mélòó kan ní àsìkò òtútù. Ìwọ̀n ló máa sọ òótọ́. Kó máa wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n ìdáná oníbátìrì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó kọ ọ́ ní gíráàmù. Bí ó bá wọ̀n 900 lónìí, tó wá di 810, ìdá kan nínú mẹ́wàá ti lọ, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà pẹ̀lú ìgbẹ́ rẹ̀ tútù. Kí wọ́n tètè gbé e lọ láìwo ìwọ̀n bó bá ń la ẹnu mí tàbí tí ìfófòó ń jáde ní imú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ooru bá ti dúró déédéé fún ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò gbé e, kó fún un ní eku tí kò sanra ju ibi tó sanra jù lára ejò náà lọ, èyí tó ti kú, tí wọ́n sì fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ mú gbóná. Eku ààyè tí wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì máa ń jẹ ejò lẹ́yìn, ó ń jẹ ẹ́ dé egungun.

Ọmọ ọdún 24 ni mí. Àdúgbò wa ń pè mí láti wá mú ejò nílé wọn, mo sì fẹ́ fi dá iléeṣẹ́ sílẹ̀. Igi alámúga àti ìbọ̀wọ́ awọ ni mo ń lò. Mo máa ń tẹ ọrùn ejò mọ́lẹ̀, kí n di orí rẹ̀ mú, kí n wá kó o sínú àpò. Kí ló kù tí mo nílò? (Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Minna)

Àbúrò, ohun tó kọ́kọ́ kù ni kí o jáwọ́ nínú ọrùn títẹ̀. Níbi títẹ̀ àti kíkó sápò ni ejò ti ń ṣán àwọn tó ń mú un. Eyín paramọ́lẹ̀ gùn, ó ń ká wọlé ó ń ká jáde, ó sì lè gba inú àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ kọjá kó tó bá ìka ẹni tó di orí rẹ̀ mú. Ìbọ̀wọ́ awọ kò lè dá a dúró. Yàtọ̀ sí èyí, ìbọ̀wọ́ náà kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ ohun tó dì mú, o lè fọ́ egungun ìhà ejò tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Ra báákẹ́ẹ̀tì ọ̀dà lítà 20 tí ìdérí rẹ̀ ń lọ́, fọ̀ ọ́ títí òórùn ọ̀dà yóò fi lọ, kí o lu ihò tí kò ju mìlímítà 3 lọ yí òkè rẹ̀ ká. Ní kí wẹ́dà tẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìwọ̀ sí orí ọ̀pá fúyẹ́ tó gùn tó mítà kan, kó sì fi fáìlì ra gbogbo etí rẹ̀. Fi báákẹ́ẹ̀tì náà dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ejò, kí inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Fi ìwọ̀ darí ejò náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn. Ihò tó ṣókùnkùn ló ń wá kiri, á wọlé fúnra rẹ̀. Fi ìwọ̀ gbé báákẹ́ẹ̀tì dìde, fi ọ̀pá ti ìdérí bò ó kí o tó fọwọ́ lọ́ ọ. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ lọ, ọ̀kan ń tanná, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́. Bàtà rọ́bà dé abẹ́ orúnkún, ṣòkòtò tó nípọn, àti gíláàsì tó bo ojú yíká. Gíláàsì yẹn kì í ṣe fáàrí: sèbé tó ń tutọ́, tí àwọn Hausa ń pe irú rẹ̀ ní kumurci, lè tu oró lu ojú láti mítà méjì. Bó bá bá ojú, fi omi mímọ́ tó pọ̀ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, má fọwọ́ ra á, má sì fi ewé kankan sí i, kí o wá lọ sí ilé ìwòsàn.

Ejò tó yẹ kí o bẹ̀rù jù ní ìpínlẹ̀ Niger kò tóbi. Carpet viper, Echis ocellatus nínú ìwé, kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti iyẹ̀pẹ̀ àti koríko gbígbẹ. Á ká ara rẹ̀ bíi lẹ́tà C, á máa fi ìhà gbo ìhà, èyí á sì máa dún bí ẹran tó ń yan nínú epo. Má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ tí àdúgbò bá pè é lórí fóònù. Ohun tí ìlú kan ń pè ní ọká, paramọ́lẹ̀ ni ìlú mìíràn ń pè é. Ní kí wọ́n ya fọ́tò láti òkèèrè, kí o sì kọ́ orúkọ sáyẹ́ǹsì wọn, ó kéré tán ti ogún tó wọ́pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ejò tó ń wọlé kò ní oró tó lè ṣe èèyàn ní nǹkan, eku ni wọ́n bá wá.

Kí o tó gba iṣẹ́ mìíràn, lọ bá àwọn apòògùn ní ilé ìwòsàn ńlá méjì ní Minna, béèrè bóyá oògùn tó ń pa oró ejò wà lọ́wọ́ àti irú èwo. EchiTAbG wà fún carpet viper nìkan. EchiTAb-Plus-ICP wà fún carpet viper, puff adder (irú paramọ́lẹ̀ kan) àti sèbé tó ń tutọ́. Èyí tí wọ́n fi oró ejò Íńdíà ṣe kò bá ejò tiwa mu. Bí ejò bá ṣán ẹnikẹ́ni, ẹ yọ òrùka àti ẹ̀gbà kíá, ẹ fi igi pẹlẹbẹ di apá tàbí ẹsẹ̀ náà kó má mì, ẹ gbé e lọ. Ẹ má gé e, ẹ má so ó gírígírí, ẹ má fi òkúta dúdú sí i.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà sílé torí pé ara rẹ̀ yá. Oró carpet viper ń lo ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì tán nínú ara, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde láti èrìgì lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Àyẹ̀wò tó ń fi í hàn kò gba ẹ̀rọ: wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ mìlílítà 2 sínú túùbù gíláàsì tó mọ́ tó sì gbẹ, wọ́n á gbé e sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láìmì ín, wọ́n á wá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ṣì ń ṣàn bí omi, oró wà nínú ẹ̀jẹ̀. Túùbù oníke, tàbí gíláàsì tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀, á purọ́ fún wọn, torí ẹ̀jẹ̀ tó dára pàápàá lè má dì nínú rẹ̀. Ẹni tó ń mú ejò gbọ́dọ̀ mọ èyí tó fi lè béèrè.

Ní ti owó, má fi mímú ejò nìkan gba owó. Onílé tí o bá mú ejò kúrò nílé rẹ̀ tí eku ṣì pọ̀ níbẹ̀ á tún pè ọ́ láàárín oṣù kan, á sì sọ pé iṣẹ́ rẹ kò dára. Gba owó àyẹ̀wò ilé: òkìtì búlọ́ọ̀kù àti pákó tó yẹ kí wọ́n kó kúrò, àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn tó ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹnu páìpù omi ìdọ̀tí tó nílò nẹ́ẹ̀tì, oúnjẹ adìyẹ tó ń dà sílẹ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn. Àwọn ẹ́sítéètì ńlá fẹ́ràn ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè máa pè ọ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bá àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka igbó ìpínlẹ̀ yín sọ̀rọ̀ kí o mọ ibi tí o lè tú ejò sí. Inú oko olóko kọ́.

Ẹ sọ òótọ́ fún wa: ṣé owó wà nínú iṣẹ́ yìí? (Lugbe, Àbújá)

Kò pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Owó oṣù ìjọba ni olùtọ́jú ọgbà ẹranko ń gbà. Dókítà ẹranko tó fẹ́ràn ejò á ṣì máa fún ajá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, á máa tọ́jú ewúrẹ́ àti adìyẹ, ibẹ̀ ni owó ilé ti ń wá. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ kejì lọ́wọ́ fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ ló máa ń dúró nínú rẹ̀.

Ọdún kẹrin ni mo wà nínú Veterinary Medicine. Àyè ẹranko afàyàfà kéré nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wa. Báwo ni mo ṣe lè múra sílẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́, Zaria)

Bẹ̀rẹ̀ láti ara ìgbẹ́, torí maikirosíkópù ti wà ní ilé ìwé yín. Lọ bá ọgbà ẹranko, ní kí wọ́n máa fún ọ ní ìgbẹ́ tútù gíráàmù 2 sí 3. Pò ó mọ́ omi iyọ̀ tó ti kún dé ibi tí iyọ̀ kò yòrò mọ́, sẹ́ ẹ, kún túùbù dé ẹnu, gbé gíláàsì pẹlẹbẹ lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí o wá fi maikirosíkópù wá ẹyin aràn lára gíláàsì náà. Ibi tí àwọn tuntun ti ń ṣìnà rèé: ejò tó jẹ eku máa ń ya ẹyin aràn eku àti kòkòrò ara irun eku jáde. Aràn ejò kọ́ nìyẹn. Yẹ ìgbẹ́ eku tí wọ́n fi ń bọ́ ọ wò pẹ̀lú, kí o tó kọ oògùn fún ẹranko tí ara rẹ̀ dá.

Ní ti oògùn, fi èyí sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé rẹ: Ivermectin, oògùn tó ń pa aràn àti eégbọn, kò gbọ́dọ̀ kan ìjàpá. Òògùn náà wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran láti Zaria dé Sokoto, màlúù àti àgùntàn ń rí ìwòsàn nínú rẹ̀, ó sì ń mú kí ìjàpá rọ títí kò fi ní lè mí mọ́. Àwọn ìjàpá ńlá ilẹ̀ Sahel tí àwọn olówó ń sìn nínú ọgbà ilé wọn ni wọ́n máa gbé wá bá ọ jù, eégbọn á sì wà lára wọn. Fi tweezer yọ eégbọn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí abẹ́rẹ́ bá pọn dandan, apá iwájú ara ni ká gún un sí, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ìdajì ẹ̀yìn lè gba inú kíndìnrín kọjá, kó gbé oògùn náà dànù tàbí kó ba kíndìnrín jẹ́. Wọ̀n wọ́n ní gíráàmù, má fojú díwọ̀n. Kí o sì mú ara wọn gbóná kí o tó fún wọn ní ohunkóhun, torí oògùn kì í rìn dáadáa nínú ẹranko tó tutù.

Bí ìkarahun ìjàpá kan bá wá rọ̀, béèrè ibi tó ń sùn àti ibi tó ti ń yá oòrùn. Lẹ́yìn fèrèsé, wọ́n á ní oòrùn ń pa á dáadáa. Gíláàsì fèrèsé kì í jẹ́ kí apá oòrùn tó ń mú egungun le kọjá. Kí wọ́n gbé e síta ní òwúrọ̀, pẹ̀lú òjìji tó lè sá sí, kí koríko sì jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ tó pọ̀ jù. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì tí wọ́n ń fún un, kí wọ́n dá a dúró.

Mo rí alágẹmọ lórí igi máńgòrò ilé wa. Ọmọ ọdún 12 ni mí. Ṣé mo lè fi í sínú àgò kí n máa tọ́jú rẹ̀, kí n lè di onímọ̀ ẹranko? (Gwagwalada)

Rárá, ọmọ dáadáa. Alágẹmọ kì í sábà mọ omi inú abọ́ ní omi. Èyí tó bá ń kán lórí ewé ló ń lá, nítorí náà òùngbẹ lè pa á nínú àgò bí abọ́ omi tilẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Má sì bẹ̀rù rẹ̀, kò ní oró, kò sì ní fi ọ́ gégùn-ún. Fi í sílẹ̀ lórí máńgòrò. Ní agogo méje àárọ̀, kí oòrùn tó le, fi ọwọ́ wọ́n omi sí àwọn ewé tó wà lókè orí rẹ̀, sún sẹ́yìn ìgbésẹ̀ márùn-ún, kí o jókòó. Ojú rẹ̀ kan á yí wò ọ́, èkejì á máa wo ewé. Bí ó bá dá a lójú pé ara igi ni ọ́, á la ẹnu, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá omi náà ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀.